Mo fẹ́ yọ̀ọ̀da ara mi láti máa tọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú Albion Online sọ́nà: báwo ni ó ṣe yẹ kí n ṣe é?

Atúnfóònùṣe_Sábó (Ìkòròdú)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìkòròdú ni mo ń gbé, ìsọ̀ tí mo ti ń tún fóònù ṣe sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sábó. Mo ń ta Albion Online, géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń ta, lórí fóònù mi, ó sì ti wá rọ̀ mí lọ́rùn sí i láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí server (kọ̀ǹpútà ńlá tí géèmù náà ń gbà ṣiṣẹ́) ti ilẹ̀ Yúróòpù ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nítorí pé ti Amẹ́ríkà tí a ń lò tẹ́lẹ̀ jìnnà sí wa débi pé ẹni tí ẹ fẹ́ fi idà ṣá yóò ti kúrò níbẹ̀ kí ọwọ́ yín tó kàn án.

Nínú ẹgbẹ́ tí mo wà nínú géèmù náà, tí ó jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀, olórí ẹgbẹ́ ti kéde pé òun ń wá àwọn tí yóò yọ̀ọ̀da ara wọn láti máa tọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sọ́nà. Kò sí owó níbẹ̀, kò sì sí oyè kan tó ju pé kí orúkọ ẹni wà nínú ìkéde ẹgbẹ́. Mo fẹ́ ṣe é tọkàntọkàn. Ìdí rẹ̀ ni pé mo ń rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń wọlé pẹ̀lú ìtara, tí wọ́n sì ń pa géèmù náà rẹ́ kúrò lórí fóònù wọn láìpẹ́, tí ó sì jẹ́ pé ohun kan náà ló ń lé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Wọn á kó gbogbo ohun tí wọ́n ti wá jọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé sórí màlúù, wọn á rí i lórí máàpù pé ìlú Caerleon wà ní àárín gbùngbùn, wọn á sì dorí kọ ibẹ̀ láìmọ̀ pé agbègbè pupa ló yí ìlú náà ká. Bí àwọn adènà bá ti pa wọ́n, ẹrù ti di ti ẹlòmíràn nìyẹn, àwọn náà á sì gbà pé ìkà ni gbogbo ẹni tó wà nínú géèmù náà. Àlàyé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ì bá ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìbànújẹ́ yẹn.

Kí n tó fi orúkọ mi sílẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí là mí lọ́yẹ̀ lé lórí. Ibo ni ìrànlọ́wọ́ ti yẹ kí ó dúró? Ṣé kí n máa fún ẹni tuntun ní fàdákà àti ohun ìjà kí ó lè tètè lágbára, àbí kí n fi í sílẹ̀ kí ó wá tirẹ̀? Yàtọ̀ sí èyí, àwọn kan nínú àwọn tó ń wọlé jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, èèyàn á ti mọ̀ bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀. Báwo ni àgbàlagbà bíi tèmi ṣe yẹ kí ó máa bá wọn sọ̀rọ̀ tí kò fi ní sí àbùkù kankan nínú rẹ̀? Ó tún kù kan: iṣẹ́ ìsọ̀ kì í jẹ́ kí n ráyè títí di alẹ́, iná kò sì ní àkókò kan pàtó ní àdúgbò wa. Ṣé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí báyìí lè ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún àwọn tí àyè gbà?

Ọdẹ_Lymhurst

Ẹ kú ọkàn rere, Atúnfóònùṣe. Èmi kò mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n ni yín tàbí àbúrò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n máa fi ẹ̀yin bá yín sọ̀rọ̀. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ẹgbẹ́ tiwa, mo sì gbà pé kò sí iṣẹ́ mìíràn nínú géèmù náà tó ṣe pàtàkì tó o.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ni kí n kọ́kọ́ mú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ atọ́nà ti ń fi inú rere ba nǹkan jẹ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to géèmù náà fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í yan iṣẹ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ó sì wà nínú rẹ̀ títí láé. Ohun tí ẹ bá wọ̀ sọ́rùn tí ẹ sì gbé lọ́wọ́ ni ó ń sọ ẹni tí ẹ jẹ́. Destiny Board ló ń kọ gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe sílẹ̀: ẹni tó ń ta ọfà ni ọ̀nà ọfà ń ṣí fún, ẹni tó ń gé igi ni ọ̀nà igi ń ṣí fún. Ohun ìjà ìpele karùn-ún kò ní ṣeé gbé fún ẹni tí kò tíì fi ti ìpele kẹrin jà títí òkìkí rẹ̀, ìyẹn máàkì tí ìjà àti iṣẹ́ ń mú wá, yóò fi tó. Nítorí náà, bí ẹ bá kó aṣọ ogun ìpele keje fún ẹni tó wọlé láàárọ̀ òní, inú báńkì ni yóò wà, àfi bí ó bá tà á, kí ó sì fi owó rẹ̀ ra nǹkan tí kò mọ ìwúlò rẹ̀. Fàdákà púpọ̀ kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò tíì gé igi tà rí, tí kò mọ iye tí wọ́n ń ra pákó ní Lymhurst àti iye tí wọ́n ń rà á ní Martlock, kò ní ohun tí yóò fi díwọ̀n ewu ojú ọ̀nà, nítorí pé kò mọ ohun tí ẹrù tó gbé sẹ́yìn ná an.

Ohun tí èmi máa ń fún ènìyàn ni ohun tí ó ṣeé sọnù. Mo máa ń ra aṣọ ogun àti ohun ìjà ìpele kẹrin tó wọ́pọ̀ lọ́jà, ọ̀wọ́ bíi mélòó kan, bí ẹni náà bá ti dé ìpele yẹn, n óò sì sọ fún un lójúkorojú pé mi ò retí kí wọ́n padà sílé. Lẹ́yìn náà ni a óò jọ lọ sí ẹnu ibodè. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ọ ní àwọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe nínú ìlú níbi tí gbogbo nǹkan ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nínú agbègbè búlúù, ẹnikẹ́ni kò lè gbéjà ko ọmọ ènìyàn bíi tirẹ̀. Nínú agbègbè yẹ́lò, wọ́n lè lù yín bolẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù yín kò ní di tiwọn. Nínú pupa àti dúdú, ohun gbogbo tó wà lára yín àti nínú àpò yín ni ẹni tó bá pa yín yóò kó, àfi èyí tí géèmù náà bá bàjẹ́ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ kan sì wà láàárín méjèèjì tí ọ̀pọ̀ ẹni tuntun kò mọ̀: nínú agbègbè pupa, ẹni tó bá fẹ́ dènà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá, géèmù náà sì ń fi nọ́ńbà hàn yín lójú fóònù pé àwọn ọ̀tá báyìí báyìí ló wà nínú agbègbè náà. Mo máa ń ní kí ẹni tuntun dúró níbẹ̀, kí ó máa wo nọ́ńbà yẹn, kí ó sì rí bí ó ṣe ń lọ sókè tí ó sì ń wá sílẹ̀. Nínú dúdú kò sí irú àánú bẹ́ẹ̀, gbogbo ènìyàn lè gbéjà ko gbogbo ènìyàn.

Lẹ́yìn èyí, n óò bi í léèrè: kí lo rí, ibo lo fẹ́ gbà? N óò sì dákẹ́. Èyí ló ṣòro jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ óò rí i kedere pé ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà kò dára, ẹnu yóò sì máa yún yín láti sọ ọ́, àmọ́ ẹ fi í sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ṣeé sọnù ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bí wọ́n bá pa á, ẹ jọ padà sí ìlú, kí ẹ sì jọ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀: ìgbà wo ló kọ́kọ́ rí wọn, ṣé orí ẹṣin ló wà tàbí ó ti sọ̀ kalẹ̀, ṣé ó sá lọ sí ìhà ibodè tàbí ó sá wọ inú igbó. Ẹ̀yin gan-an ń tún fóònù ṣe, ẹ sì mọ̀ pé ọmọ-iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú fóònù rí, wíwò ni yóò mọ̀, kò ní mọ títúnṣe. Ẹni tó ti pàdánù nǹkan lẹ́ẹ̀kan níṣojú ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, tí ẹni náà sì bá a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láìbínú, kì í sá kúrò nínú géèmù mọ́. Ohun tó ń lé ènìyàn lọ ni kí ó kú ní òun nìkan, kí ó má sì mọ ìdí tí òun fi kú.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ bi ẹni tuntun kí ẹ tó bi í ní ohunkóhun: server wo ló wà? Mẹ́ta ni wọ́n, Amẹ́ríkà, Éṣíà àti Yúróòpù, ẹ kò sì lè gbé ẹni inú géèmù tí ẹ dá sílẹ̀ lórí ọ̀kan lọ sórí òmíràn. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ọmọ tó ti ṣiṣẹ́ kára lórí èyí tí kò sí ọ̀kankan nínú wa níbẹ̀, tí ó sì ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yìí wà nínú ìkíni yín àkọ́kọ́.

Ní ti Premium, ìyẹn àǹfààní àfikún tí wọ́n ń sanwó fún nínú géèmù náà, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn. Ó ń mú kí òkìkí àti èrè yá, àmọ́ kò pọn dandan ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lè fi fàdákà tí wọ́n bá rí nínú géèmù ra wúrà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, kí wọ́n sì fi wúrà náà san án. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé kankan rò pé òun gbọ́dọ̀ lọ tọrọ káàdì báńkì lọ́wọ́ ìyá òun kí òun tó lè jẹ́ ara ẹgbẹ́.

Olùkọ́bìnrin_Ìgbógbó

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè nípa àwọn ọmọdé. Olùkọ́ ni mí, Old School RuneScape ni mo sì ń ta, nítorí pé ó ti wà lórí fóònù láti oṣù kẹwàá ọdún 2018, kò wúwo, ẹni tí kò sì san owó kankan lè kọ́ iṣẹ́ 15 níbẹ̀, láti ẹja pípa títí dé irin rírọ. Àwọn ọmọ pọ̀ níbẹ̀, mo sì ti ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Ìlànà tí mo fi ń ṣe é ni pé gbogbo ohun tí mo bá ní láti sọ fún ọmọ tí kì í ṣe tèmi gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí mo lè sọ níṣojú ìyá rẹ̀. Nítorí náà, ojú gbangba ẹgbẹ́ ni mo ti ń dáhùn ìbéèrè wọn. Bí ọmọ bá ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀ láti béèrè ọ̀nà, n óò ní kí ó gbé ìbéèrè náà wá sí gbangba, n óò sì dá a lóhùn níbẹ̀. Ó tún ń ṣàǹfààní fún àwọn tí ojú ń tì láti béèrè. Mi ò kì í béèrè orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, àdúgbò, fọ́tò tàbí nọ́ńbà fóònù wọn, bí ọ̀kan bá sì fẹ́ sọ ọ́ fúnra rẹ̀, n óò dá a dúró. Ẹ má ṣe bá ọmọdé nìkan wọ inú yàrá ọ̀rọ̀ ẹnu lórí Discord, áàpù tí àwọn atagéèmù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ju méjì lọ nígbà gbogbo, kí ẹnì kejì sì jẹ́ àgbàlagbà tí olórí ẹgbẹ́ yín mọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ilé-ẹ̀kọ́ sì wà lọ́la, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n lọ sùn. Bí àsìkò ìdánwò WAEC bá sì dé, ẹ sọ fún wọn pé àyè wọn nínú ẹgbẹ́ kò ní lọ, kí ọkàn wọn lè balẹ̀ láti fi géèmù sílẹ̀. Àwọn ọmọ ń gbọ́rọ̀ sí ẹni tí wọ́n ń wò bí akọni nínú géèmù lẹ́nu ju bí a ṣe rò lọ, ẹrù iṣẹ́ ńlá sì ni ìyẹn.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fi sí àárín ẹ̀kọ́ yín, kì í ṣe sí ìparí, ni ọ̀rọ̀ àwọn gbájú-ẹ̀. Nínú géèmù tèmi, ẹ óò rí wọn ní Grand Exchange, ọjà ńlá inú géèmù náà, tí wọ́n ń pariwo pé kí ẹ kó owó wá kí àwọn sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Wọn á kọ́kọ́ gba owó kékeré, wọn á sì dá ìlọ́po rẹ̀ padà ní tòótọ́, kí ọkàn ẹni náà lè balẹ̀. Ìgbà tó bá kó owó ńlá wá ni wọn á sá lọ. Àwọn mìíràn á mú ẹni tuntun rìn lọ́rẹ̀ẹ́lọ́rẹ̀ẹ́ títí wọ́n á fi rékọjá kòtò Wilderness, níbi tí wọ́n ti lè pa á kí wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀. Àwọn tó burú jù ni àwọn tó ń fi ojú ìwé ayédèrú gba ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tuntun fi PIN sí báńkì rẹ̀ àti ìdánimọ̀ onípele méjì sí orúkọ ìwọlé rẹ̀ kí ó tó ní ohun tó tó jí, kí ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé kò sí atọ́nà tòótọ́ kan tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ láé, títí kan ẹ̀yin fúnra yín. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ẹ̀yin atọ́nà ni gbájú-ẹ̀ máa ń fara wé. Bí a bá ti kọ́ ọmọ láti gba ohun gbogbo lọ́wọ́ àgbà tó bá ṣojú rere sí i, a ti là ọ̀nà fún ẹlòmíràn láìmọ̀, nítorí náà mo fara mọ́ ohun tí Ọdẹ_Lymhurst sọ nípa ẹ̀bùn.

Adé_àti_Èéhù (Ẹ̀pẹ́)

Orí kọ̀ǹpútà ni èmi ti ń ta Final Fantasy XIV, mo sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí géèmù náà fúnra rẹ̀ fi àmì atọ́nà sí lórúkọ. Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ yín lè mú nínú rẹ̀, ó sì lè kọ díẹ̀ sílẹ̀.

Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti dá Novice Network sílẹ̀, tí ó jẹ́ ibi ìtàkùrọ̀sọ tí àwọn ẹni tuntun àti àwọn atọ́nà jọ wà. Èéhù kékeré máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tuntun, adé sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ atọ́nà, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí wọn lójú ọ̀nà lè mọ ẹni tó nílò sùúrù àti ẹni tó ṣeé bi ní ìbéèrè. Ohun tó dára jù nínú ètò náà lójú tèmi ni pé ìbéèrè ń rí ìdáhùn láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí mi ò bá sí níbẹ̀, ẹlòmíràn wà. Ilé-iṣẹ́ Blizzard náà ṣe ohun tó jọ ọ́ nínú géèmù wọn, World of Warcraft, ní ọdún 2020, tí wọ́n fún àwọn ẹni tuntun ní ibi ìtàkùrọ̀sọ tiwọn, tí àwọn ògbólógbòó tó bá kúnjú òṣùwọ̀n sì lè yọ̀ọ̀da ara wọn láti wọ ibẹ̀. Nínú EVE Online, àwọn atagéèmù fúnra wọn ni wọ́n dá EVE University sílẹ̀ ní ọdún 2004, tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ gidi, àwọn tó ni géèmù náà sì ka á léèwọ̀ pé kí ògbólógbòó máa lu ẹni tuntun ní jìbìtì ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ètò Final Fantasy XIV kù sí ni pé iye iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe parí àti iye ìyìn tó ti gbà ni wọ́n fi ń pín adé. Ẹni tó ti parí ẹgbẹ̀rún ìjà lè mọ ìjà gan-an kó má sì lè ṣàlàyé ohun kan fún ẹnì kan láìpariwo mọ́ ọn. Mo bẹ olórí ẹgbẹ́ yín pé kí ó má ṣe wo ìpele àti ohun ìjà nìkan bí ó bá ń yan àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ó wo bí ẹni náà ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ bá pàdánù.

Àpẹẹrẹ kan ni èyí. Nínú géèmù tiwa, ẹni mẹ́rin ló máa ń jọ wọ ibi ìjà kékeré: ẹnì kan ń gba lílù fún àwọn yòókù, ẹnì kan ń wò wọ́n sàn, àwọn méjì ń jà. Ìtàn géèmù náà gùn, ó sì dùn, apá kan nínú rẹ̀ sì ń jáde bí eré orí ìtàgé ní àárín ibi ìjà. Ẹni tuntun á dúró wò ó, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti jẹ́, àwọn ògbólógbòó tí wọ́n ti wò ó tipẹ́ á sì ti sáré lọ pa ọ̀tá tán kí ó tó padà dé. Ó sanwó ìwòran, ó sì pàdánù eré. Iṣẹ́ atọ́nà níbẹ̀ ni kí ó kọ ọ́ fún àwọn yòókù kí wọ́n tó wọlé pé: ẹni tuntun wà láàárín wa, ẹ jẹ́ kí a dúró dè é. Gbólóhùn kan náà ti tó, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbà bí ẹnì kan bá ti lè sọ ọ́. Àwọn tó ṣe géèmù náà pàápàá mọ ìwúlò èyí, nítorí pé wọ́n ń fi ẹ̀san kún èrè gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn kò tíì parí ibi ìjà náà rí. Ẹgbẹ́ yín lè ṣe irú rẹ̀: kí owó ẹgbẹ́ máa san àwọn ohun ìjà tí atọ́nà fún ẹni tuntun, tí ó sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má jẹ́ pé àpò ẹnì kan péré ni yóò máa jìyà rẹ̀.

Atúnfóònùṣe_Sábó (Ìkòròdú)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ àwọn gbájú-ẹ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí pé àwọn oníbàárà máa ń wá sí ìsọ̀ mi tí wọ́n ti gba orúkọ ìwọlé wọn lọ́wọ́ wọn lọ́nà yẹn gan-an. Mo máa gbé ọ̀rọ̀ pé kí owó ẹgbẹ́ máa san ohun tó bá sọnù lọ síwájú olórí wa. Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò àti iná. Ó sì ku ọmọ kan tí mo ti mọ̀ báyìí, tí kì í béèrè ọ̀nà rárá. Fàdákà ló ń tọrọ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn lójoojúmọ́, àwọn kan sì ti ń sọ pé kí a yọ ọ́ kúrò. Kò wù mí kí wọ́n yọ ọ́.

Ìjẹ̀dẹ́_létí_ọ̀sà

Aládùúgbò yín ni mo jẹ́, nítorí náà mo mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí. Ẹni tí iṣẹ́ ń dí lọ́wọ́ lè ṣe é dáadáa bí ó bá ti sọ àkókò rẹ̀ síta. Ẹ kọ ọ́ sínú ìkéde ẹgbẹ́ pé ẹ óò wà níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ báyìí àti ọjọ́ báyìí, kí ẹ sì jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ óò máa gbà á fún ara yín. Ohun tó ń mú atọ́nà sú ni kí wọ́n máa pè é ní gbogbo ìgbà, títí tí kò fi ní rí àyè ta géèmù tirẹ̀ mọ́. Ẹ fi àwọn ìdáhùn tí ẹ bá ti kọ ní ìgbà púpọ̀ pamọ́ sí ojú kan tí gbogbo ènìyàn lè kà. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu: kì í jẹ dátà tó bẹ́ẹ̀, kì í tètè tán bátìrì, ẹni tí iná rẹ̀ lọ ní àárín ẹ̀kọ́ yóò sì bá a níbẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Bí bátìrì yín bá ti ń lọ sílẹ̀, ẹ má mú ẹnikẹ́ni wọ agbègbè pupa, nítorí pé bí fóònù yín bá kú, ẹ ti fi ẹni tuntun sílẹ̀ láàárín àwọn adènà.

Ọdẹ_Lymhurst

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń tọrọ yẹn, inú mi dùn pé kò wù yín kí wọ́n yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọrọ nítorí pé wọn kò mọ ibi tí fàdákà ti ń wá, kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Ẹ pè é sí gbangba ẹgbẹ́, kí ẹ sì béèrè ohun tó fẹ́ fi fàdákà náà rà. Bí ó bá dárúkọ ohun kan, yálà ẹṣin ni tàbí àáké, ẹ jọ wo iye rẹ̀ lọ́jà, kí ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, kí ẹ sì jọ lọ wá àwọn ohun náà nínú agbègbè búlúù, tí òun ni yóò gé igi, tí òun ni yóò wa irin, tí ẹ̀yin yóò kàn máa bá a rìn. Àwọn ohun tí ẹ bá rí lọ́jọ́ náà, kí ẹ jẹ́ kí ó kó gbogbo rẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láti lọ, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ mìíràn. Bí ó bá lọ tí ó sì rí i pé òun lè rí ohun tí òun ń fẹ́ láìbẹ ẹnikẹ́ni, ẹ óò rí ìyípadà. Kí olórí ẹgbẹ́ sì kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún un ní fàdákà títí di ìgbà náà, kí ó má lọ jẹ́ pé ẹ̀yin ń kọ́ ọ lọ́wọ́ kan, tí ẹlòmíràn ń bà á jẹ́ lọ́wọ́ kejì.